Súwíìṣì Rédíò Nínú Kọ̀ǹpútà Alágbèéká: Ta Ni Ó Rán Driver Níṣẹ́?

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú bébà yìí ni bí a ṣe lè mọ ìdí tí Wi-Fi kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ń lo Linux fi kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tí ẹ̀rọ náà sì ń tẹnu mọ́ ọn pé súwíìṣì rédíò wà ní pípa. Ẹni tí kò bá wádìí dáadáa lè fi owó ra káàdì titun, nígbà tí káàdì ti àtijọ́ kò ní àrùn kankan.

Oríṣi ìdènà méjì ni ó wà. Bí a bá tẹ àṣẹ rfkill list, a ó rí Soft blocked àti Hard blocked lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ àṣẹ tí a pa láti inú ètò. Rfkill unblock wifi lè tú u. Ti èkejì kọjá agbára irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé a gbà pé ara ẹ̀rọ gan-an ni ó ti wá.

Ṣùgbọ́n driver kò ní ojú tí ó fi ń wo súwíìṣì. Iṣẹ́ tí a rán ni là ń jẹ́. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ náà sì lè gbà dé. Èkíní ni wáyà: lára káàdì mini PCIe, ojú ìsopọ̀ 20, tí a ń pè ní W_DISABLE#, ni a yà sọ́tọ̀ fún un. Bí agbára iná orí rẹ̀ bá wálẹ̀, rédíò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Èkejì ni driver tí ó ń bójú tó kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni ideapad_laptop, tí ó ń béèrè ipò súwíìṣì lọ́wọ́ ètò ìpìlẹ̀ inú àwọn ẹ̀rọ Lenovo kan. Àwọn kan wà lára wọn tí kò ní súwíìṣì rárá, síbẹ̀ ìdáhùn tí ó ń jáde ni pé súwíìṣì wà ní pípa! Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ̀wé Linux fi to orúkọ irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú driver náà nígbà kan rí.

Nítorí náà, orúkọ tí Hard blocked: yes wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ideapad_wlan nìkan, tí phy0 sì wà ní títú, kí a fi modprobe -r ideapad_laptop yọ driver náà fún ìgbà díẹ̀, kí a tún un wò. Bí Wi-Fi bá jí, a ti mú ẹlẹ́jọ́. Bí ó bá jẹ́ phy0, kí a wá súwíìṣì ní etí ẹ̀rọ, kí a wo bọ́tìnì Fn àti ètò BIOS, kí a tó fura sí káàdì.

Ní àkótán, ìròyìn ni ọ̀rọ̀ driver, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí ó rán an ni kí a wá.