Ògbólógbòó Ọkọ̀ àti Àwọn Fítà Kùmásì

Ẹjọ́ méjì ni àwọn awakọ̀ wa sábà máa ń gbé tọ mẹkáníìkì lọ nígbà tí ọkọ̀ wọn bá ti gbó. Wọ́n á ní, "Kò fà mọ́," tàbí kí wọ́n ní, "Ó ń mísì." Èyí tí kò fà mọ́ ni èyí tí awakọ̀ yóò tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ fún, tí ẹ́ńjìnnì yóò máa kérora, ṣùgbọ́n tí kẹ̀kẹ́ ológeere yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ yà á sílẹ̀ lórí òkè. Èyí tí ó ń mísì ni èyí tí ìró rẹ̀ ń já láàrin, bí ìlù tí ọwọ́ onílù rẹ̀ ń tàsé. Owó ni ó sì ń tẹ̀lé ẹjọ́ méjèèjì. Mẹkáníìkì á ní kí á lọ ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rin; bí púlọ́ọ̀gì kò bá ṣe é, kí á lọ ra kọ́ìlì; bí kọ́ìlì kò bá ṣe é, kábúrétọ̀ ni ó kù. Nígbà tí yóò bá fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti wọ inú ọkọ̀ náà, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà.

Kò sí babaláwo tí yóò ní kí á lọ ra ewúrẹ́ kí ó tó da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Ìwádìí ni ó ń ṣáájú ẹbọ. Ọ̀rọ̀ ìwádìí yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, ìlú Kùmásì ní ilẹ̀ Ghana ni a ó sì ti mú àpẹẹrẹ rẹ̀.

Kùmásì kì í ṣe ìlú àjèjì sí wa. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìlọrin ti fi ilẹ̀ Ghana ṣe ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọjọ́ 14. Ìjọba Nàìjíríà náà sì lé àwọn ọmọ Ghana tí kò ní ìwé padà sí ilé wọn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983. A kò mẹ́nu kan èyí láti ṣí ojú ọgbẹ́ tí ó ti jiná. Iṣẹ́ ọwọ́ a máa bá àwọn ènìyàn lọ, a sì máa bá wọn bọ̀. Kò yẹ kí ìtìjú mú wa láti kọ́ ọ lọ́dọ̀ aládùúgbò.

Ní ọ̀nà tí ó lọ sí Offinso, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Suame Magazine. Orúkọ Magazine yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwé kíkà. Ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí ní ayé àtijọ́ ni a ti mú un, nítorí pé ìtòsí rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ irin ti kọ́kọ́ pàgọ́ kí a tó kó wọn lọ sí Suame. Fítà ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó wà lójú kan: ẹni tí ń jó irin, ẹni tí ń tún fáfù gbẹ́, ẹni tí kì í ṣe ohun mìíràn ju wáyà iná lọ. Ó wà lára ibùdó àtúnṣe ọkọ̀ tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Yunifásítì tí ó wà ní Kùmásì pàápàá, èyí tí a fi orúkọ Kwame Nkrumah pè, kò fojú di wọ́n: ẹ̀ka ìmọ̀ràn iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 ni ó lọ ṣí ilé-iṣẹ́ ìkọ́ni sí Suame ní ọdún 1980, kí àwọn oníṣẹ́ lè rí ẹ̀rọ tí ó dára lò.

Kí ni ó kọ́ àwọn fítà wọ̀nyí ní ọgbọ́n? A gbà pé ọ̀wọ́n ni. Láàrin àwọn ọdún 1970 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, owó òkèèrè wọ́n gidigidi ní Ghana; ọkọ̀ tuntun kò wọlé tó, pátì sì di ohun tí a ń fi àtùpà wá. Ẹni tí kò rí kọ́ìlì tuntun rà kò lè fi kọ́ìlì dán ọkọ̀ wò. Ó di dandan kí ó mọ̀ dájú pé kọ́ìlì ni ó kú. Lónìí, tí òkìtì pátì àlòkù ti kún ibi gbogbo, ìwà ẹ-lọ-rà-á-wá-ká-dán-an-wò ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwádìí, ní Kùmásì àti ní Èkó bákan náà. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á mú Peugeot 504 kan, irú èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975. Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fẹ́: epo bẹntiróòlù tí ó pò mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n, ìfúnpọ̀ tí ó le nínú sílíńdà, àti iná tí ó ta ní àkókò rẹ̀. Iná yìí kì í ṣe ohun kékeré. Bí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, iná gbọ́dọ̀ ta ní ìgbà 6,000 láàrin ìṣẹ́jú náà, èyí tí í ṣe 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Irin kékeré tí a ń pè ní kọ́ńtáàtì ni ó ń ṣí tí ó sì ń padé nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àlàfo rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà kò sì ju bí 0.4 mìlímítà lọ.

Fítà tí ó mọ iṣẹ́ kì í kọ́kọ́ mú sípánà; abèèrè kì í ṣìnà. Ǹjẹ́ àìsàn náà dé lójijì, àbí díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé? Èyí tí ó dé lójijì sábà máa ń jẹ́ ti iná tàbí ti epo. Èyí tí ó ń yọ́ wọlé láti ọdún dé ọdún sábà máa ń jẹ́ ti irin tí ó ti jẹ. Ṣé òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò ni? A jẹ́ pé ọ̀rinrin ti wọ abẹ́ ìdérí ibi tí iná ti ń pín, tàbí pé wáyà púlọ́ọ̀gì ti sán. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní òru níbi tí kò sí iná, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́: wáyà tí ó bá ti sán yóò fi ara rẹ̀ hàn, iná búlúù yóò máa rákò lára rẹ̀. Ṣé ìgbà tí ọkọ̀ bá gbóná nìkan ni ó ń ṣe é, tí ó sì ń sàn lẹ́yìn ìsinmi? Ẹ fura sí kọ́ìlì tàbí kọ́ńdẹ́ńsà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí táǹkì epo wò ná. Bí ó bá fa èémí gbọọrọ wọlé bí ẹni tí a tú lọ́rùn, ihò afẹ́fẹ́ ìdérí náà ni ó dí, epo kò sì lè sàn. A mọ̀ pé àwọn kan ti ra pọ́ǹpù tuntun nítorí ihò tí abẹ́rẹ́ lè là.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni etí ń ṣiṣẹ́. Bí ìró bá ń tàsé lójú kan náà ní gbogbo ìgbà, sílíńdà kan ni ó kú. Fítà yóò fi aṣọ gbígbẹ di wáyà púlọ́ọ̀gì mú, yóò máa yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. (Ọkọ̀ oníkọ́ńtáàtì ni a ń sọ, iná inú àwọn ọkọ̀ tuntun lágbára jù, ẹ má ṣe dán an wò.) Èyí tí ó yọ tí ìró kò yí padà, òun ni òkú. Nígbà náà ni yóò gbé púlọ́ọ̀gì sílíńdà tí ó kú lọ sí èkejì, tí yóò sì gbé ti èkejì wá. Bí àìsàn bá tẹ̀lé púlọ́ọ̀gì lọ, púlọ́ọ̀gì ni. Bí ó bá dúró sí ibi tí ó wà, kí ó fi wáyà ṣe bákan náà. Kọ́bọ̀ kò tíì jáde lápò ẹnikẹ́ni.

Ẹnu púlọ́ọ̀gì náà ní ìtàn tirẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni ti onílera. Èyí tí ó dúdú tí ó gbẹ bí ẹ̀yìn ìkòkò ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, bóyá ọyẹ́ ti fi eruku dí asẹ́ afẹ́fẹ́. Èyí tí ó funfun ń sọ pé epo kò tó, tàbí pé ooru pọ̀ jù. Èyí tí ọ́ìlì bò ń sọ ìròyìn tí kò dùn-ún gbọ́ nípa ríǹgì.

Bí iná àti epo bá pé tí ọkọ̀ kò sì fà, ó ku ìfúnpọ̀. Kí á wọ̀n ọ́n. Kí á bu ọ́ìlì bí ṣíbí kan sí ojú ihò púlọ́ọ̀gì, kí á tún un wọ̀n. Bí agbára bá gòkè, ríǹgì ni ó jẹ. Bí kò bá gòkè, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ fáfù. Ọ̀rọ̀ fáfù yìí kan ìtàn ilẹ̀ wa. Òjé tí a ń pò mọ́ epo láyé àtijọ́ ni ó ń dáàbò bo ìjókòó fáfù nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà. Kí ọdún 2006 tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ní ìsàlẹ̀ Sàhárà ti dáwọ́ títa epo olójé dúró, nítorí pé ó ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. A kò kábàámọ̀ rẹ̀ rárá. Síbẹ̀, ọkọ̀ tí ìjókòó fáfù rẹ̀ kò le tó yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, àlàfo tápẹ́ẹ̀tì yóò máa sún, títí fáfù kò fi ní lè padé dáadáa mọ́. Wíwọn tápẹ́ẹ̀tì lóòrèkóòrè ni yóò ta onílé lólobó.

Àwọn kan yóò sọ pé kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ yìí. Lóòótọ́, bí a bá so ẹ̀rọ mọ́ ọkọ̀ òde òní tí ó ń mísì, yóò kọ P0301 bí ó bá jẹ́ sílíńdà kìn-ín-ní, P0304 bí ó bá jẹ́ ìkẹrin. Sílíńdà ni ó dárúkọ. Kò sọ bóyá púlọ́ọ̀gì ni, tàbí kọ́ìlì, tàbí epo, tàbí fáfù. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ yóò tún lọ ra gbogbo rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni a kọ èyí fún jù. Ọmọṣẹ́ ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, a kì í sì í sọ ìdí fún un. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tí mẹkáníìkì àdúgbò ti jù nù tó fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì odidi òwúrọ̀ kan: kí àwọn ọmọ ka àwọ̀ wọn, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò, kí wọ́n sì sọ ohun tí yóò fi hàn pé àwọn kò gbà á.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ ní kí a kó ohun tí a yọ fún yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ní kí fítà fi ìka tọ́ka sí ibi tí ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e lọ sí òkè. Ní Kùmásì, ọ̀nà Mampong ni wọ́n lè gbé e gbà, níbi tí òkè ti ga dáadáa.