Kí ló dé tí gìtá rẹ ń dún bí agolo?

Gìtá onígi tó ń dùn létí nílé ní Bẹyẹrúnkà lè dé Gbọ̀ngàn Mápó kó di agolo. O ki wáyà láti ara gìtá bọ inú míṣà tààrà, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín bí ẹ̀fọn. Kíá, wọ́n á ní gìtá ò dáa. Irọ́ ni o! Má tíì tà á.

Piezo ló wà lábẹ́ eegun funfun tí okùn gbé ara lé. Ní 1880 ni Pierre Curie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jacques rí i pé tí a bá tẹ àwọn òkúta kan, iná mànàmáná ń jáde lára wọn. Okùn ń gbọ̀n, ó ń tẹ piezo, iná táṣẹ́rẹ́ ń jáde. Iná yẹn ò lágbára. Ojú ihò tó máa gbà á gbọ́dọ̀ tó 1,000,000 ohm, ó kéré tán. Ihò line ara míṣà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 10,000 péré. Ó ń fa iná náà gbẹ ni, báàsì ló sì kọ́kọ́ ń lọ.

Preamp ló ń bá wọn làjà. Tí gìtá rẹ bá ń lo bátìrì 9 volt, ó ti ní tiẹ̀ nìyẹn. Pààrọ̀ bátìrì kí òde tó bẹ̀rẹ̀. Wáyà tó o kì bọ̀ ọ́ ló ń tan bátìrì yẹn o, torí náà yọ ọ́ tó o bá ṣe tán. Tí kò bá ní bátìrì, wá DI box tó jẹ́ active, kó tó 1 megohm. 10 tún dáa jù. Passive kì í sábà tó o.

Tó bá ṣì ń han, dín àárín ohùn kù díẹ̀ lórí míṣà, láti 1 sí 3 kHz. Tí sípíkà bá ń hu "wúùù", fi rọ́bà dí ihò àyà gìtá.