Àrọ̀ Kì í Tọ́ Ọmọ: Bí A Ṣe Ń Mú Ọmọ Ẹja Jáde Nílé

A rò pé ó yẹ kí a fi ìmọ̀ kan tí ó lè di iṣẹ́ lé ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin òbí lọ́wọ́. Ní Àgbàdo, ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní Ìsẹ̀, àwọn kan ti mọ tánkì sí ẹ̀yìnkùlé wọn láti sin ẹja àrọ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ń ra ọmọ ẹja tí wọn yóò sìn. Àwọn tí ó ń mú un jáde fúnra wọn kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Thailand, ẹja kékeré aláràbarà kan wà tí a ń pè ní betta, tí ìjọba ibẹ̀ sọ di ẹja orílẹ̀-èdè wọn ní ọdún 2019. Akọ rẹ̀ ni ó ń tọ́jú ọmọ. Yóò fi ẹnu fẹ́ ìhó sójú omi títí yóò fi di ìtẹ́, yóò ṣa ẹyin tí abo bá yé sínú rẹ̀, yóò sì máa ṣọ́ wọn títí àwọn ọmọ yóò fi lè lúwẹ̀ẹ́. Àrọ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, bí irú odò Ògbèsè bá kún bo bèbè, àrọ̀ a lọ sí ibi koríko tí omi bò mọ́lẹ̀, a yé ẹyin sí ara koríko náà, a sì bá tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ọmọ àrọ̀ nílé, òun ni yóò ṣe bàbá, òun náà ni yóò sì ṣe ìyá.

Yíyan òbí

Àrọ̀ tí ó wà nínú tánkì a máa ní ẹyin nínú, ṣùgbọ́n kì í sábà yé e fúnra rẹ̀, nítorí kò rí ìkún omi tí ó ń ta á jí. A ó yan abo tí ó ti pé ọdún kan, tí ikùn rẹ̀ tóbi tí ó sì rọ̀, tí ẹyin ń jáde bí a bá rọra tẹ ikùn náà. Kí akọ má ṣe jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, kí ìran ẹja má baà rẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí ni a ó gún abo ní abẹ́rẹ́ sí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn kan ń lo kóró kékeré abẹ́ ọpọlọ àrọ̀ mìíràn. Àwọn mìíràn ń lo oògùn Ovaprim, ìdajì mìlílítà fún kìlógíráàmù kan. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyin yóò pọ́n láàárín wákàtí 10 sí 12. Ẹni tí ó bá gún un ní alẹ́ yóò kó ẹyin ní òwúrọ̀. Kí a de ọmọrí agbada náà dáadáa, nítorí àrọ̀ mọ̀ ọ́n fò.

Ẹyin àti àtọ̀

A kì í lè fún àtọ̀ lára akọ àrọ̀ bí a ti ń fún ẹyin lára abo. A ní láti pa á kí a tó lè yọ àpò àtọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kí a má pa á títí a ó fi rí i pé ẹyin abo ti pọ́n. Inú abọ́ gbígbẹ ni a ń fún ẹyin sí. Bí omi bá kàn án ṣáájú àkókò, ojú ihò tí àtọ̀ ń gbà wọlé yóò dí. A ó po àtọ̀ pọ̀ mọ́ omi iyọ̀ díẹ̀, a ó dà á sórí ẹyin, a ó fi ìyẹ́ adìyẹ rò ó, lẹ́yìn náà ni a ó bu omi sí i. Àtọ̀ tí omi ti jí kì í wà láàyè ju bí ìṣẹ́jú kan lọ, nítorí náà kò sí àyè fún ìjáfara. A ó wá tẹ́ ẹyin náà sórí àwọ̀n nínú omi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìṣirò kan nìyí. Gíráàmù ẹyin kan a máa tó ẹyin 600. Bí a bá kó gíráàmù 100, ó di 60,000. Bí ìdajì rẹ̀ bá jáde, tí ìdajì àwọn tí ó jáde sì yè, 15,000 ni yóò kù. Ẹ rí i pé kì í ṣe ẹyin ni ó ń sọ ènìyàn di ọlọ́mọ ẹja. Títọ́jú ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́

Láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀, ọmọ yóò jáde. Ẹyin tí ó funfun ti kú. Kí a fi rọ́bà fà á kúrò kí ó má baà ba omi jẹ́. Fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ inú ikùn wọn ni wọn yóò máa jẹ. Bí ó bá tán, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá oúnjẹ kiri, ẹni tí kò bá sì ti múra sílẹ̀ yóò pàdánù wọn. Oúnjẹ tí ó dára jù ni Artemia, ẹ̀dá omi iyọ̀ tí a ń kó ẹyin rẹ̀ láti irú adágún iyọ̀ ńlá Utah ní Amẹ́ríkà. A ó rẹ ẹyin náà sínú omi iyọ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ó lè jáde láàyè. Díẹ̀díẹ̀, lóòrèkóòrè, ni a ń fún wọn, tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan ni a ó máa fi oúnjẹ lílọ̀ kúnná rọ́pò rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀.

Àrọ̀ àgbà a máa yọ orí sókè láti mí afẹ́fẹ́ òde, gẹ́gẹ́ bí betta pẹ̀lú ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara tí ó fi ń ṣe èyí kò tíì dàgbà lára ọmọ títí di bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ inú omi nìkan ni ó gbójú lé. Bí iná bá lọ lóru tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sì dúró, gbogbo ọmọ lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní bátìrì tàbí ẹnìkan tí yóò dìde lóru da omi tuntun sí i, kí ó má tíì bẹ̀rẹ̀.

Yíyà wọ́n sọ́tọ̀

Láti ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn kan yóò máa ga ju ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn yóò sì máa gbé àwọn kékeré mì. Kí a yọ wọ́n sínú agbada mìíràn lójoojúmọ́. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ti tó bí ìka ọwọ́, a lè tà wọ́n. Kí a kà wọ́n pé níṣojú oníbàárà. Kí ẹni tí ó rà wọ́n gbé wọn ní òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, kí ó sì jẹ́ kí omi inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ bá ti inú tánkì dọ́gba kí ó tó tú wọn sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìgbà tí ẹja bá tutù ni à ń ká a. Ẹ̀yin tí ẹ ń parí ẹ̀kọ́ lọ́dún yìí, ẹ má ṣe fi abo mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Abo kan àti agbada méjì tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá lè jí lóru fún ohun tí kò tó orí abẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ yóò gba èyí tí ó tóbi jù ú lọ.