Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Báwo lèèyàn ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ la ọ̀nà orí òkè kọjá láìfarapa?

Ṣé ẹ ti rí fídíò àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín tírélà, tí ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Ẹ jẹ́ ká fi Karakoram Highway, tó so Pakistan mọ́ Ṣáínà, ṣe àpẹẹrẹ.

1. Ó ga púpọ̀. Khunjerab, ibi tó ga jù lójú ọ̀nà náà, fi 4,693 mítà ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá kánjú, orí á fọ́ ọ, èébì á gbé e. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa gòkè, kí ara lè mọ́ ọn.

2. Òkè ń ya. Ní oṣù kìíní 2010, òkè ya ní Attabad, ó dí odò Hunza. Omi bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó èrò àti ẹrù títí wọ́n fi ṣí ihò abẹ́ òkè ní 2015. Ẹ tan iná iwájú àti tẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó wọ irú ihò bẹ́ẹ̀.

3. Tírélà. Tó bá ń yí kọ́nà, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń gé wọ inú. Ẹ má há sáàárín òun àti òkè. Ẹ dúró kó kọjá.

4. Ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ má fún bíréèkì pa láìsinmi. Tó bá jẹ́ èyí tó ń di rímù mú, rímù á gbóná, táyà sì lè bẹ́. Ẹ fún un, ẹ tú u, ẹ tún fún un.

Ẹ̀mí ò láàrọ̀ o! Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo oníkẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀. Ọ̀nà wo ló le jù ládùúgbò yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀.