Ìwé Tí Ń Fọhùn àti Ìwé Tí Ó Yadi

Àwọn àgbà tí ó wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà kò purọ́. Síbẹ̀, láti ọdún 1829, nígbà tí Louis Braille, ọmọ oníṣẹ́ awọ ilẹ̀ Faransé, ẹni tí irin ẹnu ṣóṣóró inú ṣọ́ọ̀bù baba rẹ̀ sọ di afọ́jú láti kékeré, gbé ìlànà rẹ̀ jáde fún aráyé, ni ọ̀rọ̀ ti rí ibùgbé mìíràn ní orí ìka ọwọ́: kókó kéékèèké mẹ́fà péré lórí bébà, tí a ń tò ní ọ̀nà 63, tó láti kọ ohun gbogbo tí ẹnu ń sọ.

Ṣùgbọ́n ìwé Braille a máa tóbi, a sì máa wúwo, débi pé ìwé kan ṣoṣo tí ọmọ olójú ń há sí abíyá lè di ìdìpọ̀ tí ọwọ́ kan kò lè gbé. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ní ọdún 2006, Michael Curran, ará Ọsirélíà tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran, bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ NVDA, ọ̀fẹ́ sì ni, nígbà tí irú rẹ̀ mìíràn ń gbówó tí akẹ́kọ̀ọ́ tálákà kò lè dá lábàá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa mú lẹ́tà tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà, kí ó sọ ọ́ di ohùn sí etí, tàbí kí ó fi í ránṣẹ́ sí pátákó Braille tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń yọ, tí ó sì ń wọlé, kí ìka lè máa kà wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wọ́ ni pé lẹ́tà ni ètò yìí mọ̀ ọ́n kà. Kì í dédé ka àwòrán. Olùkọ́ tí ó ya fọ́tò ojú ewé, tí ó sọ ọ́ di PDF, rò pé ìwé ni òun fi ránṣẹ́. Lójú olójú, ìwé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n létí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Òótọ́ ni pé, ó kéré tán, láti 1976, tí Ray Kurzweil ti fi ẹ̀rọ tí ń ka ìwé títẹ̀ sókè hàn ní Amẹ́ríkà, ni a ti mọ bí a ṣe ń yọ lẹ́tà lára àwòrán, fóònù pàápàá sì ń ṣe é báyìí. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí àdán ni a ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, nítorí àṣìkà rẹ̀ kò kéré, pàápàá lórí Yorùbá wa, tí àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé pàápàá kò dínà mọ́. Àdéhùn Marrakesh ti 2013, tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní 2017, yọ̀ǹda kí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fún afọ́jú ṣe ẹ̀dà ìwé tí wọ́n lè kà láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ohun tí ó kù kò náni lówó: ẹ̀yin olùkọ́, fáìlì tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ gan-an ni kí ẹ máa fún ọmọ, kí ẹ sì kọ gbólóhùn kan tàbí méjì tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ sí abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan.