Kí Lẹ̀yin Máa Ṣe Ká Ní Ẹ̀yin Ni Ọ̀gá?

Ká ní ẹ̀yin ni ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe oògùn. Wọ́n pè yín pé àwọn tó lo oògùn ẹ̀fọ́rí yín ń kú. Ẹnì kan ti fi májèlé sínú àwọn ìgò kan, kò sì sẹ́ni tó mọ iye tó ṣì wà lórí àtẹ. Ṣé ti àdúgbò yẹn nìkan lẹ máa kó kúrò lọ́jà, àbí ti gbogbo orílẹ̀-èdè? Owó ńlá máa lọ sí i o. Ẹ mú ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Chicago, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1982. Èèyàn 7 ló kú. Tylenol ni oògùn náà, iléeṣẹ́ Johnson & Johnson ló ni ín nígbà yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń fi irú ìtàn yìí kọ́ni ní ìṣàkóso òwò ni wọ́n ń pè ní case method. Olùkọ́ á fún yín ní ìtàn iléeṣẹ́ gidi, á wá dá a dúró síbi tí ọ̀gá ti ní láti pinnu. Ilé ẹ̀kọ́ òfin Harvard ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní 1870. Ilé ẹ̀kọ́ òwò wọn kọ ìtàn àkọ́kọ́ tiwọn, ti iléeṣẹ́ bàtà kan, ní 1921. Lagos Business School náà ń lò ó.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe MBA ti ṣiṣẹ́ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ 200 level tí ò tíì darí ẹnikẹ́ni rí ńkọ́? Òun ló nílò ẹ̀ jù. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àmọ́ kí ìtàn tiẹ̀ kúrú. Kó kọ́kọ́ dá kọ ìpinnu ẹ̀ sílẹ̀, kó bá àwọn mẹ́rin márùn-ún jiyàn lé e, kí gbogbo kíláàsì tó dá sí i. Iṣẹ́ olùkọ́ ni kó máa bi wọ́n pé, "Kí nìdí?"

Ó máa ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ bíi pé kò rí nǹkan kan kọ́, torí kò sí nóòtì tó fẹ́ há sórí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní kíláàsì físíìsì ní Harvard, tó jáde ní 2019, fi hàn pé ìmọ̀lára yẹn lè tanni jẹ: àwọn tó fúnra wọn wá ojútùú rò pé àwọn ò kọ́ tó àwọn tó kàn jókòó gbọ́ olùkọ́, àmọ́ àwọn gan-an ló ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò.

Kí ni Johnson & Johnson wá ṣe? Wọ́n kó ìgò bíi mílíọ̀nù 31 kúrò lọ́jà káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n sì padà wá pẹ̀lú ìgò tí wọ́n lẹ̀ pa, tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí kó má hàn. Ibẹ̀ gan-an ni olùkọ́ tó dáa á ti tún béèrè pé: tí iléeṣẹ́ yín bá kéré, tí ẹ ò lówó tó wọn ńkọ́?