Ọkàn Ta Ni Ó Balẹ̀? Àlàyé lórí Ààbò àti Ìrọ̀rùn Ìgbé-Ayé Kí A Tó Kó Lọ sí Ìlú Kékeré

1. Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló máa ń dé ibi tí wọ́n ti ní láti pinnu bóyá kí wọ́n kó kúrò ní Kútọ̀nù lọ sí Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pobè tàbí Àjàṣẹ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń gbé àwọn kan lọ. Òbí tó ti ń darúgbó ló ń pe àwọn kan padà sílé. Owó ilé ló ń lé àwọn mìíràn. Èyí ó wù kó jẹ́, ìbéèrè méjì ni gbogbo wọn máa ń bi àwọn tó wà níbẹ̀: ṣé ààbò wà? ṣé ìgbé-ayé ibẹ̀ rọrùn? Àwọn méjèèjì yìí ni Faransé ń pè ní sécurité àti qualité de vie.

Ìpinnu náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá kó ẹbí rẹ̀ lọ tí kò bá ohun tó rò níbẹ̀ yóò san owó ilé lẹ́ẹ̀mejì, yóò yí ilé-ìwé ọmọ padà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ bá a lọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ ààbò àti ìrọ̀rùn ti tọ́ka sí bí ó ṣe yẹ kí a bi ìbéèrè náà. Èdè wa kì í sábà jẹ́ kí a wọn ìlú nìkan; ó ń béèrè ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nínú ìlú.

2. Ìlú wo ni à ń pè ní kékeré?

Gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn ọdún 2013, àwọn tó ń gbé Kútọ̀nù lé ní 670,000. Àjàṣẹ́, tí í ṣe olú-ìlú Bẹ̀nẹ̀ lábẹ́ òfin, ní ènìyàn tó lé ní 260,000. Kọmúùnù Kétu ní nǹkan bí 157,000, ti Ṣábẹ̀ẹ́ sì jẹ́ nǹkan bí 87,000. A ti ka àwọn abúlé tó yí ìlú méjèèjì ká mọ́ ọn. Àjàṣẹ́ kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ sí Kútọ̀nù, débi pé ènìyàn lè máa gbé ibẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ ní Kútọ̀nù. Ṣábẹ̀ẹ́ jìnnà tó nǹkan bí 250 kìlómítà. Ẹni tó kó lọ síbẹ̀ ti kó lọ pátápátá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìfiwéra ni kékeré. Ìlú ọba ni Kétu, ó sì ti wà tipẹ́ kí Kútọ̀nù tó di ìlú. Láyé àtijọ́, odi, yàrà àti ẹnubodè tí à ń pè ní Akaba Idena ni ààbò rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ogun Dahomey dó ti ìlú náà, ebi wọ inú odi, ìlú sì bọ́ ní ọdún 1886. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn yìí fún ọ̀rọ̀ wa: ohun tó ń dí ọ̀tá lọ́nà kò tó, bí ohun tí a ó jẹ kò bá sí. Ààbò àti ìgbé-ayé kì í ṣe ìwọ̀n méjì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

3. Ìdí tí “Ṣé àlàáfíà ni?” kò fi tó

Ọ̀rọ̀ àyálò ni àlàáfíà. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, ìlera ni ó sì túmọ̀ sí níbẹ̀; ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn Haúsá ń pè ní lafiya. Lẹ́nu wa, ìtumọ̀ rẹ̀ ti gbòòrò: ó kó ìlera ara, àìsí ìjà àti àìsí wàhálà pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó bá béèrè pé “Ṣé àlàáfíà wà níbẹ̀?” ti da ìbéèrè mẹ́ta pọ̀.

Ìṣòro kejì wà nínú ìlò rẹ̀. Ìkíni ni “Ṣé àlàáfíà ni?”, “A dúpẹ́” sì ni èsì rẹ̀. Ẹni tí àtẹ̀gùn gbé òrùlé rẹ̀ lọ lánàá yóò kọ́kọ́ dáhùn pé “A dúpẹ́” kí ó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, bí ẹni tó kí i bá dúró gbọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá pe ẹ̀gbọ́n ní Kétu lórí fóònù tó ní “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àlàáfíà wà ní ìlú?”, tó sì gbọ́ “Àlàáfíà ni, a dúpẹ́”, ìkíni ló gbà, kò tíì gba ìròyìn kankan. Ẹ̀gbọ́n kò purọ́. Ìbéèrè ni kò jẹ́ ìbéèrè.

4. Ọkàn, ara àti àyà

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) a. La ville est sûre.
     b. Ọkàn mi balẹ̀ ní ìlú náà.
(2) Ara tù mí níbẹ̀.
(3) Àyà mi ń já níbẹ̀.

Nínú (1a), ìlú (la ville) ni olùwà gbólóhùn. A kò sọ ẹni tí ó dára fún. Nínú (1b), (2) àti (3), ọkàn, ara àti àyà ni olùwà. Arọ́pò-orúkọ tó dúró fún ènìyàn kò gbẹ́yìn: nínú (1b) àti (3), ẹ̀yán ni mi jẹ́, nínú (2), mí jẹ́ àbọ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe tù. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ẹni tó ń gbọ́ wa yóò fẹ́ mọ̀ pé ọkàn ta ni, ara ta ni. Láti inú irú gbólóhùn (1b) ni a ti ṣẹ̀dá ìfọ̀kànbalẹ̀, tí fi, ọkàn, bà àti ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni rọrùn, tí rọ àti ọrùn wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà ara tó ń mọ ìnira lára ni wọ́n wà ní ìdí àwọn ọ̀rọ̀ náà.

A kò sọ pé Yorùbá kò lè fi ìlú ṣe olùwà. A máa ń sọ pé “Ìlú tòrò.” Ṣùgbọ́n ẹ wo gbólóhùn (4):

(4) Ìlú tòrò, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

Kò sí ìtakora kankan nínú rẹ̀. Bí ìlú ṣe tòrò kò túmọ̀ sí pé ọkàn olúkúlùkù balẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ gbọ́dọ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìlú lè tòrò fún ọkùnrin tó ní mọ́tò, kí àyà obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ máa já lójú ọ̀nà tí kò ní iná. Ìlú lè tòrò fún ọmọ ogún ọdún, kí ọkàn ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru má balẹ̀ nítorí ilé ìwòsàn.

5. Ojú tó ń ṣọ́ wa

Ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń fi yin ìlú kékeré ni pé wọ́n mọ ara wọn níbẹ̀. Òótọ́ ni. Bí àjèjì bá wọ àgbàlá, ẹnì kan yóò bi í ní ohun tó ń wá. Bí ọmọ bá sọnù, ẹnì kan yóò mọ ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe ṣọ́:

(5) a. Ọdẹ ń ṣọ́ ilé wa.
     b. Wọ́n ń ṣọ́ mi.

Nínú (5a), ìdáàbòbò ni. Nínú (5b), ó lè jẹ́ ìdáàbòbò, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ń wá ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀. Ojú kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń dá gbé, tàbí ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àdúgbò, yóò rí i pé ojú tó lé olè kúrò náà ló ń ka wákàtí tí òun wọlé. Àwọn kan fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi ọkàn wọn balẹ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìlú ńlá ni ara ti ń tu àwọn, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò dá àwọn mọ̀ níbẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ̀bi. Kí olúkúlùkù mọ irú ẹni tí òun jẹ́.

6. Ewu tó wọ́pọ̀ àti ewu tí ìrànwọ́ rẹ̀ jìnnà

Àwọn ewu Kútọ̀nù kò pamọ́. Àárín òkun àti adágún Nokoué ni ìlú náà wà, ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, omi sì ń wọ ilé ní àwọn àdúgbò kan nígbà òjò. Zémidjan àti mọ́tò kún ojú ọ̀nà, èéfín wọn sì ń wọ inú àyà. Ẹni tó bá kó kúrò níbẹ̀ fi púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Kútọ̀nù náà ni ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè, CNHU, wà. Lẹ́yìn odi Kútọ̀nù, kọmúùnù bíi mélòó kan ló ń para pọ̀ di agbègbè ìlera kan: agbègbè kan náà ni Kétu, Pobè àti Adja-Ouèrè wà. Bí ìbímọ bá le ní aago méjì òru, ohun tó ń dá ààbò bo aboyún ni ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà tó ṣeé gbà àti dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ìlú ńlá, ewu a máa pọ̀, ìrànwọ́ a sì wà nítòsí. Ní ìlú kékeré, ewu lè dín kù, kí ìrànwọ́ sì jìnnà. Ìwọ̀n méjèèjì ni kí a jọ gbé lé orí òṣùwọ̀n.

Àwọn ewu kan tún wà tí ìwọ̀n ìlú kò yọ kúrò. Ojú ọ̀nà tó lọ sí Parakou tí ó sì dé Niger ni Ṣábẹ̀ẹ́ wà, ọkọ̀ ẹrù ńlá sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní àwọn ìlú tó sún mọ́ ẹnubodè Nàìjíríà, epo kpayo máa ń wà nínú ilé àti lẹ́bàá ilé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná tó ṣẹ́ yọ níbi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí ní Sèmè-Kraké pa ènìyàn tó lé ní 30. Ìlú tó tòrò lè gbóná pẹ̀lú: ní oṣù kẹfà ọdún 2019, lẹ́yìn ìdìbò àwọn aṣòfin, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Tchaourou àti Ṣábẹ̀ẹ́. A kò sọ èyí láti fi ba ìlú kankan lórúkọ jẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé bí olè kò bá sí, kò tíì tó láti sọ pé ewu kò sí.

7. Ìrọ̀rùn ojoojúmọ́, àti èdè ọmọ

Ìrọ̀rùn ìgbé-ayé wà nínú ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́: bí iná SBEE ṣe ń dúró sí, bí omi SONEB bá dé àdúgbò tàbí kànga ni a ó máa fà, iye ọjọ́ tí ọjà fi ń ná. Níbi tí ọjà bá ti ń ná ní ọrọọrún, ẹni tí Kútọ̀nù ti mọ́ lára láti máa ra ata lójoojúmọ́ yóò kọ́ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Owó ilé lè wálẹ̀ kí owó ọkọ̀ gòkè, bí iṣẹ́ bá ṣì ń pe ni padà sí Kútọ̀nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ èdè, ohun mìíràn tún wà. Ní Kútọ̀nù, Fọ̀n àti Faransé ni ọmọ máa ń gbọ́ jù lójú pópó. Yorùbá lè má kọjá inú ilé. Ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, yóò gbọ́ Yorùbá lọ́jà, lóko àti lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì lè bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí ògbifọ̀. Ní Àjàṣẹ́, Gùn àti Yorùbá ni yóò jọ máa gbọ́. Bí òbí bá ka èdè sí ara ìgbé-ayé rere, kí ó gbé e lé òṣùwọ̀n pẹ̀lú ìyókù. Kí ó sì rántí pé ẹ̀ka-èdè tí ọmọ yóò sọ lè yàtọ̀ sí èyí tí òun gbé bọ̀ láti ilé.

8. Bí a ṣe lè béèrè

Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nítorí náà, kí a má gbára lé ohun tí a rí lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí gbogbo ọmọ ìlú wálé, tí ìlú sì dùn. Kí á lọ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò, lẹ́ẹ̀kan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí á sì sùn síbẹ̀. Lẹ́yìn ìkíni, kí á wá béèrè ohun tí “A dúpẹ́” kò lè dáhùn:

(6) a. Ta ni ó ṣàìsàn kẹ́yìn nínú ilé yín? Ibo ni ẹ gbé e lọ? Báwo ni ẹ ṣe débẹ̀?
     b. Aago mélòó ni àwọn ọmọbìnrin yín máa ń wọlé? Ọ̀nà wo ni wọn kì í gbà?
     c. Nígbà tí omi tán kẹ́yìn, níbo ni ẹ ti rí omi?
     d. Kí ni wọ́n ń kó sí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eléyìí?
     e. Àwọn wo ló kó wá síbí tí wọ́n tún padà? Kí ló dé?

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni ìbéèrè púpọ̀ nínú wọn ń béèrè, kì í ṣe èrò nípa ìlú. Ẹni tó fẹ́ràn ìlú rẹ̀ kò ní fẹ́ sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n yóò sọ ibi tí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ nígbà tí ibà mú un. Kí á sì bi ju ẹnì kan lọ: obìnrin àti ọkùnrin, onílé àti ayálégbé, àgbà àti ọ̀dọ́.

9. Ìkádìí

A ti rí i pé àlàáfíà da ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀, pé ìkíni kò lè gbé ìròyìn, àti pé gbólóhùn wa fi ọkàn, ara àti àyà ṣe olùwà níbi tí Faransé ti fi ìlú ṣe é. Bí ẹbí bá jókòó láti pinnu, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti orí “Ṣé ìlú náà dára?” Kí wọ́n dárúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń bá wọn lọ, kí wọ́n sì béèrè nípa rẹ̀: ọkàn rẹ̀ yóò ha balẹ̀ níbẹ̀ bí, ní wákàtí wo, àti níbo? Bí ẹnì kan bá wà tí wọn kò lè dáhùn fún, kó jẹ́ ìyá àgbà, kó jẹ́ ọmọ tó kéré jù, kí wọ́n má tíì san owó ilé.